Ejò Ò Lọ́wọ́: Ọwọ́ Ta Ló Wà Nínú Ìyà Tó Ń Jẹ Ejò Inú Àpótí?

Ọ̀rọ̀ ejò la gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Nínú gbogbo wàhálà tó wà nílùú, pẹ̀lú iye tí gaàrí dà, tí epo bẹntiróòlù dà, ọ̀rọ̀ ejò lẹ wá jókòó tì?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń lọ oko, ó kan ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀, ó sì kan owó inú àpò wa.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń gba Òkèrèwè kọjá níbí n'Ílé-Ifẹ̀, mo rí i tí èrò pé jọ lẹ́bàá títì. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀kadà ló gbá ẹnì kan. Ìṣe oníròyìn, mo yà síbẹ̀. Kì í ṣe jàǹbá. Ọkùnrin kan ló wà láàárín èrò, ó gbé àpótí pákó sílẹ̀, ó ń lu ìlù kékeré kan, ó ń pọfọ̀. Nígbà tó ṣí àpótí náà, ó fa sèbé kan jáde, ejò dúdú tí í na ọrùn, tí í tu oró sí ni lójú. Àwọn ọmọdé hó yèè, wọ́n sá sẹ́yìn, wọ́n tún sún mọ́ ọn. Ejò náà gbórí sókè, ó ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń jù ú sọ́tùn-ún, tó ń jù ú sósì. Ọkùnrin náà fi ejò kọ́rùn. Ó gbé orí ejò sún mọ́ ẹnu ara rẹ̀. Náírà ń bọ́ sórí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré ni ọjà gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ó kó àgúnmu jáde nínú ọ̀rá. Ó ní ẹni tó bá fi sín gbẹ́rẹ́, ejò ò ní lè bù ú jẹ. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ, kó pò ó mọ́ omi gbígbóná, kó mu ún, oró náà á rọ̀. Ìyá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ra méjì. Mo kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní oko kòkó lọkọ àwọn ń lọ, òjò ti ń rọ̀, igbó ti kún. Ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ wọn ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé e lọ sóko.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn lójú èrò. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí di bá a ṣe ń sọ yìí, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Nǹkan kejì tí mi ò lè gbàgbé ni ẹnu ejò yẹn. Ó wú. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ètè rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà níta, kò la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú, bí ọ̀rọ̀ bá ti ní ẹ̀tàn nínú. Eré yìí ní ẹ̀tàn nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ejò tá à ń wí yìí ò lọ́wọ́ rárá. Ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ BÙ Ú JẸ?

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó mọ ejò mú ló ń dá ejò lóró o. Àwọn ọdẹ wa àtàwọn àgbẹ̀ kan mọ ìwà ejò dáadáa, wọ́n mọ ibi tí í sùn, wọ́n mọ ìgbà tí inú rẹ̀ ń ru. Ìmọ̀ gidi nìyẹn. Àwọn tó ń fi ejò ṣeré gba owó lójú títì ni mò ń bá wí, àwọn tá a máa ń pè ní onídán eléjò. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí ejò olóró tó di ohun ìṣeré ti hàn sí ayé láti ọdún pípẹ́, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà tí iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù.

Àkọ́kọ́, wọ́n á fi ẹ̀mú yọ eyín oró rẹ̀. Eyín ejò a máa hù padà, nítorí náà wọ́n á tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú egbò á kẹ̀, ẹnu á jẹrà. Èkejì, àwọn kan á gé àpò oró tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi irin gbígbóná jó o. Ẹ̀kẹta, àwọn kan á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí ahọ́n lè máa yọ, kí àwa òǹwòran má baà fura. Ejò tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ ò lè jẹun mọ́.

Ẹ wá wò ó, ejò kì í tètè kú sọ́wọ́ ebi. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun. Kì í ké bí ewúrẹ́, kì í hu bí ajá. Ìyẹn ni pé ẹranko yìí lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú igba èèyàn, kí gbogbo wọn máa pàtẹ́wọ́. Bó bá kú tán, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á lọ mú òmíràn nínú igbó.

Ijó tó ń jó ńkọ́? Ejò ò ní etí tó yọ síta bíi tiwa. Ìró tó bá gba inú ilẹ̀ wá ló ń tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ orin. Ohun tó ń mì níwájú rẹ̀ ló ń ṣọ́, yálà fèrè ni tàbí ọwọ́ èèyàn, torí lójú tirẹ̀, ọ̀tá tó fẹ́ gbá a mú ni. Bó ṣe gbórí sókè tó na ọrùn yẹn, bí ajá tó gbó tó ń fi eyín hàn ni. Ohun tá à ń pè ní ijó, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ tún fi ooru kún un. Ara ejò ò lè dá mú ooru wá, kò sì lè dá tutù. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́ gbóná, á lọ yáàrùn. Bó bá fẹ́ tutù, á wọ abẹ́ òkúta tàbí inú ihò. Inú àpótí pákó lẹ́bàá títì ọ̀dà, lọ́sàn-án gangan, kò sí ihò tó fẹ́ wọ̀.

A TI FI EJÒ RẸ́RÌN-ÍN RÍ

Ẹ rántí ọdún 2018? Lóṣù kejì ọdún náà, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ pé òṣìṣẹ́bìnrin kan ní ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi, ìpínlẹ̀ Benue, sọ pé ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani, tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kaduna nígbà náà, wá kó àwọn eléjò lọ sí olú iléeṣẹ́ JAMB l'Ábújá, ó ní kí wọ́n bá àjọ náà wá ejò tó ń gbówó mì. Ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn tó ń jẹ owó ìlú ló fi ń bú, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ronú padà lórí ohun tí mo rí ní Òkèrèwè, mo rí i pé nínú gbogbo àríyànjiyàn ọdún náà, nínú gbogbo ètò tá a ṣe lórí rédíò, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe àwọn ejò tí wọ́n kó dání lọ. Lójú wa, ejò kì í ṣe ẹranko mọ́. Bí owó bá sọnù, ejò ni. Bí ọ̀rẹ́ bá da ni, ejò ni. Nínú fíìmù wa, òun ni àjẹ́, òun náà ni owó èṣù. Ẹni tá a bá ti di ẹ̀bi gbogbo ayé rù, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ìyà ń jẹ ẹ́.

ÀGÚNMU INÚ Ọ̀RÁ

Ó dáa, ká tiẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ejò ò kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ èèyàn ńkọ́?

Lọ́dún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ìbùjẹ ejò sínú ìwé àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Ìṣirò àjọ náà ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 èèyàn lejò ń bù jẹ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú wọn, àwọn tí oró wọ̀ lára tó mílíọ̀nù 1.8 sí mílíọ̀nù 2.7. Àwọn tó ń kú tó 81,000 sí 138,000. Àwọn tó ń pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́, tàbí tó ń di aláàbọ̀ ara lọ́nà mìíràn, fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn tó kú lọ. Àgbẹ̀ àti ọmọdé ìgbèríko ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ìṣirò yẹn díẹ̀, torí àṣírí àgúnmu wà níbẹ̀. Nínú èèyàn méjì tí ejò bù jẹ, ó kéré tán ẹnì kan ò ní oró lára. Ó lè jẹ́ pé ejò tí kò ní oró ni, ó sì lè jẹ́ pé ejò olóró náà bù ú jẹ láìda oró sí i. Ẹni yẹn ò ní kú bó lá àgúnmu, kò ní kú bó mu omi lásán. Ṣùgbọ́n bó bá ti lá àgúnmu, àgúnmu ló máa gba ọpẹ́. Ó máa jẹ́rìí fún gbogbo àdúgbò. Ẹnì kejì, tí oró wọ̀ lára, á ti lo wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lórí àgúnmu kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú dé itan. Òkú kì í jẹ́rìí.

Ohun tó ń pa oró ejò ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gba oró lẹ́nu ejò tó wà láàyè, wọ́n á máa fún ẹṣin níwọ̀n kékeré títí ara ẹṣin á fi mọ bí a ṣe ń bá oró náà jà, wọ́n á wá yọ ohun ìjà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ọ̀kan nínú èyí tá a ń lò ní Nàìjíríà ń jẹ́ EchiTAb-Plus. Ó ń bá oró paramọ́lẹ̀ jà, ó ń bá oró sèbé tó ń tutọ́ jà, ó sì ń bá ti ejò kékeré kan tó gbilẹ̀ l'Ókè Ọya jà, èyí tó ń pa àwọn àgbẹ̀ wọn jù. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, lókè òkun lọ́hùn-ún. Ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, ọsibítù kan wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ gan-an ló fi gba orúkọ.

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí? Ejò tí wọ́n tọ́jú dáadáa ní àhámọ́, tó ń jẹun, tí eyín rẹ̀ pé, oró rẹ̀ ń gba èèyàn là. Ejò tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ ní Òkèrèwè, ó ń bá wọn ta àgúnmu tó lè sọ ìyá olóko di opó. Bí ejò ò bá lè bu eléjò jẹ, àwa á rò pé àgúnmu ló dáàbò bò ó. Ìyà tó jẹ ejò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń polówó ọjà.

WỌ́N Ń ṢỌ́ OKO FÚN WA

Ohun mìíràn tún wà. Ejò tí wọ́n ń kó nínú igbó, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Eku lejò ń jẹ jù. Eku tó ń jẹ àgbàdo lára igi, tó ń wa ẹ̀gẹ́ lóko, tó ń wọ inú àká. Eku kan náà ló ń gbé ibà Lassa kiri, ibà tó ń dààmú àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí wa. Mi ò sọ pé ejò ni òògùn Lassa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí a bá ti pa ẹni tó ń ṣọ́ oko, ká má bínú bí olè bá pọ̀.

Àwọn ará ìta náà ń kó wọn. Láti ọdún 1978 títí di àsìkò yìí, òjòlá kékeré tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti kó láàyè kúrò ní Tógò nìkan, lọ sílẹ̀ Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti ibòmíràn, kí àwọn èèyàn lè máa fi sin nínú ilé. Òjòlá wà lára àwọn ẹranko tí àdéhùn CITES ń ṣọ́, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn yẹn láti ọdún 1974.

KÌNNÌÚN IFẸ̀ TI KỌ́ WA

Ẹni tó bá ní "ejò tó ti mojú èèyàn ni, kò lè ṣe nǹkan kan," kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa yìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe àlejò. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó ti ń tọ́jú àwọn kìnnìún náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn nínú ọgbà, ní nǹkan bí ọdún 9 sẹ́yìn. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn náà. Ẹ̀mí méjì lọ.

Bí ẹranko tí wọ́n bí sọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n ń fún lẹ́ran jẹ, tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ń tọ́jú, bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ejò tí wọ́n mú nínú igbó ní oṣù tó kọjá, tí ara ń ni, tí eyín rẹ̀ tún ti ń hù padà láìjẹ́ pé eléjò mọ̀? Àwọn ọmọ wa ló ń jókòó síwájú.

KÍ LÒFIN SỌ?

Òfin wà. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tá à ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà, ní abala 495, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá lu ẹranko ní ìlù ìkà, tó dá a lóró, tó mú un bínú tàbí tó dẹ́rù bà á, ti jẹ̀bi. Kò mọ sórí ewúrẹ́ àti ajá ilé nìkan, ó kan ẹranko tó wà ní àhámọ́ náà. Ìjìyà rẹ̀? Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì.

Àádọ́ta náírà! Ẹni tó pa 10,000 náírà lọ́jọ́ kan lórí ejò, á san 50 náírà, á gbé àpótí rẹ̀, á kọjá sí àdúgbò kejì. Owó yẹn ò ra búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, owó gidi ni; lónìí, ẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́dún 2025, Ilé Aṣojú-ṣòfin àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábújá fọwọ́ sí àbádòfin tuntun lórí ẹranko tó ń lọ sí ìparun, èyí tí owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 12 náírà, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó dojú kọ jù ni òwò eyín erin, ìpẹ́ akika àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sèbé tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ lójú títì Òkèrèwè ò sí lójú ẹni tó ń ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú. Abala 495 lòfin tirẹ̀, abala yẹn ló sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa, títí dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mú ojú tó.

ELÉJÒ NÁÀ FẸ́ JẸUN

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Ọkùnrin tí mo rí yẹn, bàtà rẹ̀ ti já. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ìdílé ni. Bí a bá lé e kúrò níbí láìfún un lóhun tí yóò jẹ, àdúgbò mìíràn ló máa gbé àpótí rẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà nìyẹn. Lọ́dún 1972, wọ́n ṣe òfin tó dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, ó sì di èèwọ̀ láti máa fi ejò ṣeré gbowó. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é níkọ̀kọ̀, pàápàá lásìkò ọdún Nag Panchami tí àwọn èèyàn ń fún ejò ní wàrà. Ejò kì í mu wàrà o. Òùngbẹ ni wọ́n á ti fi pa á kó tó gbẹ́nu lé e.

Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tó yọrí sí rere níbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan wà lápá Chennai tí wọ́n ń pè ní Irula, iṣẹ́ wọn látayébáyé ni ejò mímú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pa á ta awọ rẹ̀. Nígbà tí òfin ká wọn lọ́wọ́ kò, Romulus Whitaker, ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ejò, bá wọn dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ lọ́dún 1978. Ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ. Wọ́n á mú ejò, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á gba oró rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́, wọ́n á sì dá a padà sínú igbó láàyè. Lọ́dún 2023, ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá méjì lára àwọn Irula lọ́lá. Àwọn tí ayé ń wò bí aláìníṣẹ́ tẹ́lẹ̀!

A ò sì ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ejò. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà kan wà tó kún fún òjòlá, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Ẹnikẹ́ni kì í yọ eyín wọn, ẹnikẹ́ni kì í rán ẹnu wọn. Lóòótọ́, wọ́n ń fi í kọ́ àlejò lọ́rùn fún fọ́tò, ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á níbẹ̀, ọ̀ràn ló dá. Àwa tó ní Òṣùmàrè n'Ífẹ̀ níbí, tá a mọ̀ pé àwọn baba wa kan rí ejò gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ òrìṣà, ìwọ̀nba ọ̀wọ̀ yẹn yẹ kó kù lọ́wọ́ wa, yálà mùsùlùmí ni wá tàbí kírísítẹ́nì.

ỌWỌ́ WA ŃKỌ́?

Mo sọ pé ejò ò lọ́wọ́. Àwa la lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tá a lè fi ṣe.

Ẹ má ju owó sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ju náírà sórí aṣọ yẹn fún oṣù kan, àpótí á kúrò n'Ífẹ̀. Ẹ má sì fi fóònù ká fídíò rẹ̀ kiri, torí ìyẹn náà owó ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé àti olùkọ́, ẹ má pe eléjò wá síbi àríyá ìparí ọdún àwọn ọmọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ mọ ejò, ẹ kó wọn lọ sí ibi ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀dá-pamọ́ sí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí olùkọ́ á ti ṣàlàyé èyí tó ní oró àtèyí tí kò ní.

Ẹ̀yin olóyè àdúgbò àti ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí eléjò bá wá tọrọ àyè, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹnu ejò rẹ̀. Bó bá wú, tàbí tí wọ́n bá rán an, ẹ má gbà, kẹ́ ẹ sì pe àwọn dókítà ẹranko ìjọba tàbí ọlọ́pàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lu eléjò, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òkúta pa ejò rẹ̀. Ìkà ò ṣeé fi wo ìkà sàn.

Ẹ̀yin aṣojú wa, ẹ bá wa wo 50 náírà yẹn. Kẹ́ ẹ sì bá wa béèrè pé ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé mélòó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀, àtàwọn yòókù, ló ní abẹ́rẹ́ oró ejò nílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ: ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó pa. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kó má rìn, kó má sáré. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí sèbé bá tutọ́ sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó máa lọ. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ lé ejò náà mú.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ejò ò lè kọ́wọ̀ọ́ rìn, ìwà wọn nìyẹn. Àwa èèyàn la lè ṣe é.

Mo ti padà sí Òkèrèwè lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà. Mi ò rí eléjò yẹn, mi ò sì rí ìyá tó ra àgúnmu méjì. Nítorí náà, ìyá mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń ka èyí, tàbí bí ọmọ yín bá ń kà á fún yín, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ ra bùùtù òjò fún bàbá àti fún ọmọ yín, kí wọ́n máa mú tọ́ọ̀ṣì dání bí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́, kí wọ́n máa fi igi tú ewé kòkó kí wọ́n tó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ohun tí a ò fẹ́ bá ṣẹlẹ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Àgúnmu inú ọ̀rá yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbi tẹ́ ẹ fi sí.